Irọ́ Tó Ń Gbé Inú Áńpù Tòkunbọ̀

"Ó ń kọrin geere." "Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i láti ìgbà tó ti dé." "Iná ilẹ̀ yìí gan-an ló ń lò." Ẹni tó bá ti wá áńpù àlòkù rà rí, láti Àlábà títí dé Sàngó Ọ̀tà, á ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ìgbà tí kì í bá ṣe òótọ́ ni ẹni tó rà á máa gbé e délé, tó máa fi í sínú iná, tí nǹkan á dún pọ̀ọ́, tí òórùn jíjó á gba gbogbo pálọ̀.

Ní Ifọ̀, ìlú tí títì Èkó sí Abẹ́òkúta là kọjá, irú àdánù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn onísáùndì tó ń gba iṣẹ́ òde ìnáwó ń fi áńpù jẹun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Mowé àti Ìbàfò, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìfẹ́ orin nìkan ló gbé wọn dé ìdí rẹ̀: wọ́n ti tọ́jú àwo Ebenezer Obey àti Sunny Adé láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì fẹ́ fi Marantz, Sansui tàbí Pioneer gidi gbọ́ gìtá inú rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni pé áńpù tí wọ́n fi lu èèyàn ní jìbìtì kì í sábà jẹ́ òkú áńpù. Ó ṣeé jí dìde, bí oníṣẹ́ bá mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ibi náà ni irọ́ tí olùtajà pa. Irọ́ kọ̀ọ̀kan ní irú ìbàjẹ́ tó ń bò mọ́lẹ̀, ó sì máa ń fi ojú àpá sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Àtúnṣe lásán ni kí áńpù tún dún. Mímú un bọ̀ sípò ni kí ó máa dún bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe gbé e jáde, kí ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìjó. Kò sí bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀ tí oníṣẹ́ kò bá kọ́kọ́ tú irọ́ àtẹ̀yìnwá.

Ohun tí áńpù ń ṣe

Ohùn tó ń ti inú fóònù, rédíò tàbí ẹ̀rọ tó ń lu àwo jáde kò lágbára tó láti mi sípíkà ńlá. Àwọn èèyàn rò pé ńṣe ni áńpù ń mú ohùn kékeré yẹn, tó ń fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di ńlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tó ń ti ara ògiri wá ló ń mi sípíkà. Iṣẹ́ ohùn kékeré náà kò ju kó máa darí iná yẹn lọ. Ẹ wo táǹkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó lẹ́yìn ilé. Omi inú táǹkì ló ń ya jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà lórí ẹnu ẹ̀rọ ló ń sọ iye tó máa ya. Nínú áńpù, transfọ́mà àti dáyóòdù ló ń pọn omi, kàpásítọ̀ gìrìwò ni táǹkì, àwọn tiransísítọ̀ tí wọ́n dè mọ́ irin tó ń gba ooru ni ẹnu ẹ̀rọ.

Táǹkì yìí kì í ṣe kékeré. Pioneer SX-1250, tí rédíò wà nínú rẹ̀, tó jáde ní 1976, ní kàpásítọ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 22,000 máíkírófárádì, ó sì ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní 160 wọ́ọ̀tì. Bí wọ́n bá fa wáyà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yọ lára ògiri, iná ṣì lè wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀, iná tó lè gbé èèyàn tàbí kó sun orí síkúrù-dẹ́rẹ́fà jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà áńpù ló ń gbó bákan náà. Inú kàpásítọ̀ gìrìwò, bébà àti alumíníọ̀mù tó tinrín ni wọ́n ká pọ̀, tí wọ́n sì fi oje kan tó ń gbé iná rin. Ooru ló máa ń gbẹ oje yìí. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ni pé bí ooru bá fi dígírì 10 dínkù, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára fi tọ́ sí ilé tó móoru ju ti 85°C lọ. Tí oje bá gbẹ, sípíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn èèyàn á ní transfọ́mà ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kàpásítọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè, súwíìṣì àti rílè náà máa ń gbó, nítorí pé ara ń gbo ara nínú wọn. Ṣùgbọ́n transfọ́mà, rẹsísítọ̀ àti àwọn kàpásítọ̀ pẹlẹbẹ tí kò ní oje lè lo 50 ọdún kí wọ́n má yẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá ní òun fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ dànù kóun fi tuntun sí i, owó oníbàárà ló ń ná lásán, àyè àṣìṣe ló sì ń ṣí. Kàpásítọ̀ gìrìwò kan péré tí wọ́n bá fi orí rẹ̀ sídìí lè bẹ́ mọ́ èèyàn lójú.

Bí wọ́n ṣe ń dé ọwọ́ wa

Ilé wa ni díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ti ń wá. Nígbà tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975, stẹ́rio wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ rà, àwọn kan sì ṣì wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù ti òkè òkun wá. Ìwádìí kan tí United Nations University àti ibùdó Basel Convention tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná àlòkù ló ń wọlé lọ́dọọdún, pé ó kéré tán 19 nínú 100 kò ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó dé, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ dá olùtajà lẹ́jọ́. Ẹni tó ra ẹrù látinú bùútù ọkọ̀ lè má mọ̀ bóyá áńpù ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà, tí wọ́n sì jọ dúnàádúrà lé e lórí, òwò ni. Ẹni tó mọ̀, tó wá lẹ nǹkan mọ́ ara ẹ̀rọ kí àbùkù rẹ̀ má bàa hàn, gbájúẹ̀ nìyẹn, ẹ̀rọ rẹ̀ ló sì ń fún oníṣẹ́ ní wàhálà jù, nítorí pé ìbàjẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi bò ó.

Irọ́ iná

Iná 230 fóltì, 50 Hz, ni Nàìjíríà ń lò. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóltì, 60 Hz. Ti Japan jẹ́ 100 fóltì. Àwọn ilé iṣẹ́ Japan ló ṣe púpọ̀ nínú áńpù tó lókìkí láyé àtijọ́, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, ojú kan náà. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yan fóltì lẹ́yìn, kí èkejì má ní in rárá.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá ti ha ibẹ̀, tàbí tí wọ́n lẹ bébà orúkọ ṣọ́ọ̀bù bò ó, kí ojú oníbàárà là. Áńpù 120 fóltì máa ń kọrin geere ní ṣọ́ọ̀bù tí transfọ́mà tó ń sọ iná di kékeré bá wà lábẹ́ tábìlì. Ilé oníbàárà ni yóò ti pàdé 230. Tí fíúsì rẹ̀ bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́, òun ló máa kú dípò gbogbo ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì tó ti já, transfọ́mà fúnra rẹ̀ ló máa jó, ìyẹn sì ni ẹ̀yà tó ṣòro jù lọ láti rí.

Àtúnṣe tibí rọrùn bí kò bá tíì jó. Nínú àwọn kan, wáyà transfọ́mà wà tí oníṣẹ́ lè yí sí 220 tàbí 240 bí dáyágíráàmù bá ṣe sọ. Èyí tí kò bá ní i, transfọ́mà tó ń sọ iná di kékeré ni wọ́n máa rà fún un, tí agbára rẹ̀ ju iye wọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn áńpù lọ dáadáa. Èyí tó bá sì jẹ́ ti 60 Hz nìkan, transfọ́mà rẹ̀ á máa móoru ju bó ṣe yẹ lọ lórí 50 Hz wa, nítorí náà kí wọ́n má ṣe tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi í sínú iná

Kámẹ́rà fóònù ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n ya iwájú, ẹ̀yìn, nọ́ńbà ara rẹ̀ àti orí síkúrù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tú ohunkóhun, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú u, olùtajà á ní oníṣẹ́ ló bà á jẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018, kò fàyè gba kí olùtajà parọ́ nípa ọjà, ó sì fún oníbàárà láǹfààní láti dá ọjà tí kò bá ohun tí wọ́n sọ mu padà láàárín àkókò tó bójú mu. Àkọlé "No refund, no return" tó wà lára rìsíìtì kò fagi lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n ṣí i, tí wáyà rẹ̀ kò sí lára ògiri. Rẹsísítọ̀ ni wọ́n fi ń tú iná inú kàpásítọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe síkúrù-dẹ́rẹ́fà tó ń ta páàpáà. Ẹni tí kò bá mọ èyí ṣe kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Kó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ojú àti imú ló ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ṣé àpá wà lórí síkúrù? Ẹnìkan ti ṣí i rí nìyẹn. Lẹ́ẹ̀dì tí ilé iṣẹ́ fi dè é ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn máa ń ṣú díẹ̀. Èyí tó bá ń dán láàárín wọn, ọwọ́ tuntun ló dé ibẹ̀. Nínú àwọn Sansui kan, bíi AU-717, ilé iṣẹ́ fi gúlúù kan lẹ àwọn ẹ̀yà mọ́ páńẹ́lì. Gúlúù náà pupa rúsúrúsú nígbà tó bá gbó, ó ń jẹ irin, ó sì ń gbé iná níbi tí kò yẹ. Kì í ṣe olùtajà ló dá ìyẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ha á kúrò, gbogbo ẹ̀yà tuntun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ yóò tún bàjẹ́.

Ibi tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń pẹ́ sí jù ni ìdí tiransísítọ̀ ńlá. 2SC5200 àti 2SA1943, tí Toshiba ṣe, gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún áńpù òde ṣe, ayédèrú wọn sì kún ọjà. Olùtajà tó fẹ́ kí áńpù sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré máa ń sọ irú èyí sí i. Lẹ́tà ara ayédèrú lè máa pa rẹ́ nígbà tí wọ́n bá fi sípíríìtì nù ún. Tí wọ́n bá fọ́ ọ̀kan tó ti jó, wọ́n á rí i pé ègé sílíkọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kéré jọjọ sí ti gidi. Kò lè gba ooru tó yẹ kó gbà. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo abẹ́ rẹ̀: mííkà tín-ínrín tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára irin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òróró funfun tó ń gbé ooru lọ náà gbọ́dọ̀ wà.

Irọ́ tó burú jù

Rílè ni ẹ̀yà kékeré tó ń dún tà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí wọ́n bá tan áńpù. Òun ló ń ṣọ́ sípíkà. Bí iná tí kì í ṣe ohùn bá fẹ́ lọ sínú sípíkà, rílè kò ní so mọ́ ọn. Áńpù tí kò bá dún tà, tó sì dákẹ́, ń sọ pé àbùkù wà nínú òun. Ohun tí àwọn kan wá ń ṣe ni pé wọ́n á fi wáyà kan so ẹnu rílè pọ̀ kí ohùn lè jáde tipátipá. Oníbàárà á gbọ́ orin, inú rẹ̀ á dùn, á sanwó. Ilé rẹ̀ ni iná náà ti máa jó wáyà inú sípíkà rẹ̀. Èyí kọjá irọ́ ọjà. Ó lè fa iná sí ilé onílé. Kò sí owó kankan tó tọ́ sí i.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ irú wáyà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi mítà yẹ àwọn tiransísítọ̀ wò tí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tó ti so pọ̀, wọn kò tíì gbọ́dọ̀ fi í sínú iná gbọnrangandan. Gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn nínú, 60 tàbí 100 wọ́ọ̀tì, ni wọ́n máa fi sáàárín iná àti áńpù. Gílóòbù LED òde òní kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gílóòbù bá mọ́lẹ̀ yòò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tó sì ṣú, kàpásítọ̀ ló gba iná tirẹ̀, ara dá. Bó bá mọ́lẹ̀ tí kò ṣú, ibì kan ṣì so pọ̀ nínú, gílóòbù sì ti gba gbogbo tiransísítọ̀ tuntun lọ́wọ́ jíjó. Irinṣẹ́ tí kò wọ́n rárá ni. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní i.

Mítà ló kàn, lẹ́nu ibi tí wọ́n ń so sípíkà mọ́, láìsí sípíkà níbẹ̀ àti láìsí orin. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo. 50 mílífóltì sísàlẹ̀ dára; tó bá ti di odidi fóltì, iṣẹ́ kò tíì parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣètò iná díẹ̀ tó ń gba inú tiransísítọ̀ ńlá kọjá nígbà tí orin kò sí. Ìwé ilé iṣẹ́ ló ń sọ iye rẹ̀ fún áńpù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná kí wọ́n tó kà á. Bó bá kéré jù, orin jẹ́jẹ́ á máa há lọ́fun; bó bá pọ̀ jù, irin á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní gbà á. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń fò, òun náà ló sì ya àtúnṣe lásán sọ́tọ̀ kúrò lára mímú bọ̀ sípò.

Bọ́tìnnì tó ń ha nígbà tí wọ́n bá yí i kò fẹ́ òróró ẹ̀rọ. Olùtajà máa ń fín in sí i kó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ òróró náà. Lójú ọ̀nà tí tírélà sìmẹ́ńtì Ewékorò ń gbà kọjá, eruku kì í ṣe àlejò ẹnikẹ́ni. Omi ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹnu iná ni kí wọ́n lò.

Ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì orí bébà

Irọ́ kan kò ba ẹ̀rọ jẹ́, àmọ́ ó ń ba owó jẹ́: iye wọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ "PMPO" tó wà lára ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò ní òdiwọ̀n kankan tí gbogbo ayé fọwọ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, àṣejù àwọn tó ń polówó ọjà ló mú kí ìjọba gbé òfin jáde ní 1974 pé agbára tí áńpù lè mú wá láìdánudúró ni kí wọ́n máa kọ. Marantz 2270 ayé ìgbà yẹn, tí kò ju 70 wọ́ọ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ, lè bo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ "ẹgbẹ̀rún wọ́ọ̀tì" mọ́lẹ̀.

Oníbàárà lè já irọ́ yìí fúnra rẹ̀. Kó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ fún iye wọ́ọ̀tì tó ń fà látinú ògiri. Ẹ̀rọ tó ń fa 150 kò lè máa tú 1,000 jáde. Kó sì rántí pé ìlọ́po méjì wọ́ọ̀tì kò sọ ohùn di ìlọ́po méjì: dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ló fi lé e, nígbà tí etí nílò nǹkan bí 10 kó tó sọ pé ohùn ti di ìlọ́po méjì.

Ìgbà tó yẹ kí wọ́n jáwọ́

Àwọn kan wà tí kò yẹ ní dídà láàmú. Sony TA-5650 lo irú tiransísítọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní V-FET; wọn kò ṣe é mọ́, bó bá sì ti jó, ẹ̀yà rẹ̀ di ohun àwárí. Áńpù tí transfọ́mà rẹ̀ ti jó náà wà níbẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ká a lọ́wọ́, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju iye áńpù mìíràn lọ. Irú wọn ṣì wúlò: bọ́tìnnì, mítà ojú, rílè àti irin wọn lè gba ẹlòmíràn là.

Fún èyí tó bá jí, kí wọ́n fi sípíkà tí kò wọ́n dán an wò ná fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n máa fọwọ́ kan irin rẹ̀, kí wọ́n sì tún ka mítà lẹ́nu sípíkà lẹ́yìn tó bá ti gbóná. Iná ilé iṣẹ́ IBEDC tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan nílò stàbíláísà. Kí oníṣẹ́ sì kọ gbogbo ohun tó bá nínú rẹ̀ sílẹ̀, fíúsì tí wọ́n wé, wáyà ẹnu rílè, tiransísítọ̀ ayédèrú, kó fi ọjọ́ àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i, kó sì dá àwọn ẹ̀yà tó yọ padà fún oníbàárà nínú àpò kan. Bébà yẹn, àwọn fọ́tò àti rìsíìtì ni ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà máa kó lọ bá olùtajà, tí olùtajà kò bá sì gbọ́, yóò kó wọn lọ sí ọ́fíìsì FCCPC, àjọ tó ń mú òfin oníbàárà yẹn ṣẹ.